Ojú Atukọ̀, Ọwọ́ Ayàwòrán

Àwòrán kan wà tí kò kúrò ní ọkàn mi láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ rí i nínú ìwé kan. Tàdáwà ni wọ́n fi yà á. Ọkọ̀ òkun ńlá kan ni ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ojú bébà náà; àwọn òpó rẹ̀ dúró ṣánṣán, okùn rẹ̀ pé pérépéré, ó sì hàn gbangba pé ẹni tí ó yà á fẹ́ràn rẹ̀. Nísàlẹ̀ ọkọ̀ yìí ni àwọn àwòrán kéékèèké mìíràn wà, bí ìṣẹ́tí tí ó wà ní etí aṣọ ńlá. Níbẹ̀ ni a ti rí àwọn òyìnbó oníṣòwò àti àwọn ará etíkun níbi tí wọ́n ti ń dúnàádúrà, a sì rí àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n fẹ́ kó lọ sínú ọkọ̀. Southwell ni orúkọ ọkọ̀ náà. Àkọlé tí ó wà lára àwòrán sọ fún wa pé ọkọ̀ Southwell ni a ń wò, àti pé òwò ni ó ń ṣe ní etíkun ilẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ ọkọ̀ wà níbẹ̀. Orúkọ èbúté kò sí, orúkọ ènìyàn kan kò sì sí. ‘Etíkun ilẹ̀ Áfíríkà’ ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni tí ó sọ pé òun lọ sí ọjà tí kò sì dárúkọ ọjà tí ó ná.

Nígbà tí mo rí i, mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọkọ̀ náà kí n lè wo ìsàlẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, mo fi ọwọ́ bo ìsàlẹ̀ kí n lè wo ọkọ̀. Àwòrán méjì ni mo rí, ọwọ́ kan náà ni ó sì yà wọ́n.

Nǹkan bí ọdún 1760 ni wọ́n ya àwòrán yìí, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà, wọ́n sì kà á mọ́ iṣẹ́ Nicholas Pocock. Ọkùnrin yìí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà náà. Ó di ọ̀gá ọkọ̀ lẹ́yìn èyí, ó sì tún fi ọkọ̀ sílẹ̀ ó di ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán òkun tí òkìkí wọn kàn jù ní ayé ìgbà tirẹ̀. Ohun tí àwọn òpìtàn iṣẹ́ ọnà fi ń yìn ín ni pé ó mọ ohun tí ó ń yà. Wọ́n ní àwọn ayàwòrán mìíràn jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń ya òkun, ṣùgbọ́n Pocock ti mu omi iyọ̀, ìjì ti jà á, ó sì mọ okùn tí ó yẹ kí ó le àti èyí tí ó yẹ kí ó dẹ̀. N kò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni ohun tí ìmọ̀ atukọ̀ ń kọ́ ojú láti rí, àti ohun tí ó ń kọ́ ojú náà láti fò dá. Lójú tèmi, lámèyítọ́ tí ó bá yin ayàwòrán pé ojú rẹ̀ mú gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ojú náà dúró sí tí ó fi ń wo nǹkan.

Bristol ni wọ́n bí Pocock sí ní ọdún 1740. Èbúté ni ìlú náà, láàrin ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ọdún 1807, ó ju ẹgbẹ̀rún méjì ìrìn-àjò lọ tí àwọn ọkọ̀ rẹ̀ rìn wá sí ilẹ̀ Áfíríkà láti kó ẹrú. Ilé atukọ̀ àti oníṣòwò ni wọ́n bí i sí. Láti kékeré ni ó ti ń lọ sí òkun, nígbà tí baba rẹ̀ sì kú, òun ni ó bọ́ sí ipò láti máa gbọ́ bùkátà ìyá àti àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tí ó fi di àárín àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé 1760, ó ti ń ṣe ọ̀gá ọkọ̀ fún Richard Champion, ọmọ ìjọ Quaker, tí ó tún ní ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe àwo tánganran ní Bristol. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí Pocock darí ni èyí tí wọ́n ń pè ní Lloyd, tí ó máa ń lọ sí Charleston ní Amẹ́ríkà. N kò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé ó darí ọkọ̀ ẹrú fún Champion, n kò sì ní fi ẹ̀sùn tí n kò lè gbè lẹ́yìn kàn án. Ṣùgbọ́n Charleston ni olórí èbúté ìlú ìrẹsì àti aró ní ìgbà náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ọwọ́ tí ó gbin ìrẹsì àti ẹ̀yìn tí ó tẹ̀ ba nídìí aró náà. Ọjà tí ẹrú ṣe ni ó wà nínú ọkọ̀, bí ẹrú fúnra rẹ̀ kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Àwọn ìwé ìrìn-àjò ọkọ̀ tí ó kọ ní àkókò yìí ni mo kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó dára jù, mo sì mọ̀ pé àwọn tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán ogun rẹ̀ kò ní gbà fún mi. Ní ojú òkun, dandan ni fún ọ̀gá ọkọ̀ láti kọ ìwé lójoojúmọ́: ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ibi tí ọkọ̀ kọrí sí, ìwọ̀n ọ̀nà tí ó rìn, ibi tí oòrùn dé ní ọ̀sán gangan. Òkun kò ní igi tàbí òkè tí a lè fi ṣe àmì, nítorí náà, inú ìwé yìí nìkan ni ènìyàn fi ń mọ ibi tí ó wà. Ẹni tí ó bá purọ́ sínú rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń pa. Ọ̀rọ̀ àti òǹkà ni àwọn ọ̀gá ọkọ̀ yòókù ń kọ síbẹ̀. Pocock a máa ya ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, ìgbòkun a tẹ́ sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ. Ní ọjọ́ tí ìjì bá dé, a óò rí i pé wọ́n ti ká púpọ̀ nínú wọn, ọkọ̀ a sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ó ru ẹrù tí kò dọ́gba. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí wà ní ilé àkójọ ohun òkun tí ó wà ní Greenwich títí di òní.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ òkun lè rò pé okùn kan kò ju okùn lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn ọkọ̀ dà bí ilà ojú. Bí olóòlà bá ṣì í kọ, ó ti sọ ọmọ onílé di ọmọ ẹlòmíràn. Nínú àwòrán Pocock, bí afẹ́fẹ́ bá ti apá òsì wá, gbogbo nǹkan ni yóò gbà pé apá òsì ni ó ti wá: àsíá, ìgbòkun, ìrugùdù omi, títí kan bí imú ọkọ̀ ṣe kọjú sí ìgbì. Ọkọ̀ kan náà ni ó ń yà lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ ogójì, síbẹ̀ ọjọ́ kan kò jọ èkejì. Nígbà tí mo wo díẹ̀ nínú wọn tẹ̀ léra, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni oríkì. A kì í kọ ènìyàn kan ní oríkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì dákẹ́. Àárọ̀ ni a ó kì í, alẹ́ ni a ó kì í, bí ọjọ́ bá sì ti rí ni ìlà tí a ó mú kọ́kọ́ sọ yóò ṣe rí. Ọkọ̀ ni Pocock ń kì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó. Níbo ni ayàwòrán yìí wà nígbà tí ó ń ya ọkọ̀ rẹ̀? Inú ọkọ̀ náà ni ó wà. Níbo ni òǹwòran dúró sí nínú àwòrán? Ìta ọkọ̀ ni, lórí omi, ní ibi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò lè dúró lé ní àárín òkun ńlá. Kò sí ọjọ́ kan nínú ìrìn-àjò náà tí Pocock fojú rí ohun tí ó yà. Ìmọ̀ rẹ̀ ni ó fi rò ó jọ. Ó mọ afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà, ó mọ ìgbòkun tí òun fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ká, ó wá fi ọkàn jáde kúrò nínú ọkọ̀, ó dúró sí òkèèrè, ó sì wo ilé rẹ̀ láti ìta. Nítorí náà, àwọn tí wọ́n ń yìn ín pé ohun tí ó rí ni ó yà ti gba ọ̀nà gbọọrọ kọjá ilé tí wọ́n ń wá. Ohun tí ó mọ̀ ni ó yà. Ohun tí ó rí, ìyẹn inú ọkọ̀, àwọn ènìyàn tí ó bá jẹun, ibi tí wọ́n sùn sí, ojú wọn nígbà tí ìjì dé, kò jẹ́ ohun tí ó kà sí àwòrán. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ Pocock wà gan-an nìyí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ gbà tẹ̀ lé e títí dé òpin iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1780, ó ya àwòrán kan pẹ̀lú ọ̀dà tí a fi òróró pò, ó sì fi ránṣẹ́ sí Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwòrán náà pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n Joshua Reynolds tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ náà kọ lẹ́tà sí i. Reynolds yìn ín, ó sì tọ́ka sí àbùkù kan: òfúrufú, omi àti ìgbòkun kò jọ ọmọ ìyá kan náà, bí ẹni pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó gbà á nímọ̀ràn pé kí ó gbé ọ̀dà rẹ̀ lọ sí etí omi, kí ó máa kùn ún níbẹ̀. Ẹ wo irú ìmọ̀ràn tí ará ilẹ̀ ń gba ọ̀gá ọkọ̀! Síbẹ̀, Reynolds rí i. Ó mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń to ohun tí ó mọ̀ jọ ni, kò tíì jẹ́ kí ojú rẹ̀ bá a ṣiṣẹ́. Pocock gba ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1782 ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń hàn ní Royal Academy. Ní 1789 ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1804 ó wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ọ̀dà olómi ya àwòrán sílẹ̀. Àwọn àwòrán olómi wọ̀nyí, pàápàá èyí tí ó fi ya èbúté Bristol, ni àwọn tí mo lè gbé kọ́ sí iyàrá mi nínú iṣẹ́ ìgbà àgbà rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wà nínú wọn. Nínú àwọn àwòrán ogun ńláńlá tí ó fi ọ̀dà olóròóró kùn, èéfín ìbọn a máa dúró gan bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n.

Àwọn àwòrán ogun náà ni ó sọ ọ́ di ọlọ́lá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé pàdé lójú òkun Àtìláńtíìkì ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1794, Pocock wà níbẹ̀, nínú ọkọ̀ tí ń jẹ́ Pegasus. Iṣẹ́ ọkọ̀ yìí ni láti dúró kúrò ní ojú ìlà ìjà, kí ó máa wo àsíá tí ọ̀gágun Howe bá ta lórí ọkọ̀ tirẹ̀, kí ó sì ta irú rẹ̀ sókè kí àwọn tí èéfín bò lè rí i. N kò mọ ibùdó mìíràn tí ó lè bá ojú Pocock mu ju èyí lọ. Ó sún mọ́ ogun tó láti rí i, ó sì jìnnà sí i tó láti rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ya ipò tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà sínú ìwé pélébé kan, bí ẹni tí ó ń to ayò. Nínú àwọn àwòrán tí ó ti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde, a mọ ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ ṣẹ́, a mọ èyí tí ìgbòkun rẹ̀ fàya. Àwọn tí wọ́n kú nínú wọn kò hàn. Ọkọ̀ ni ó gbọgbẹ́.

Èyí hàn jù nínú àwòrán tí ó yà ní 1807 nípa àwọn ọkọ̀ tí Nelson ti jagun nínú wọn. Nelson ti kú ní Trafalgar ní 1805. Ohun tí Pocock ṣe ni pé ó kó ọkọ̀ márùn-ún tí ọ̀gágun náà lò ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jọ sójú kan, Agamemnon, Captain, Vanguard, Elephant àti Victory, wọ́n sọ ìdákọ̀ró pa pọ̀ lórí omi tí ó rọ̀. Wọn kò pàdé bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin tí ó fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ ìwé tí irọ́ kò gbọdọ̀ wọ̀ ni ó wá ya ìpàdé tí kò ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ràn àwòrán yìí gidigidi. Àwọn ọkọ̀ náà dà bí àwọn ìjòyè tí wọ́n wá kẹ́dùn ní ààfin, olúkúlùkù nínú ẹ̀wù rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Nelson kò sí níbẹ̀, kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀, nítorí pé nínú ayé tí Pocock dá, ọkọ̀ ti gba ipò ènìyàn pátápátá.

Ọdún 1807 yìí kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú fún àwọn ọkọ̀ rẹ̀. Èyí ni ó mú mi padà sí ọ̀rọ̀ Southwell.

Àwọn kan yóò sọ pé a kò gbọdọ̀ fi òṣùwọ̀n òde òní wọn ará àtijọ́, pé ní ayé Pocock kò sí ẹni tí ó rí nǹkan burúkú nínú òwò náà. Àwíjàre yìí kò dúró. Ní 1787, Thomas Clarkson wá sí Bristol láti wá ẹ̀rí nípa ọkọ̀ ẹrú. Ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní Seven Stars ni ó ti ń bá àwọn atukọ̀ pàdé, onílé ọtí náà ni ó sì ń mú un kiri. Àwọn atukọ̀ lásán, tí púpọ̀ nínú wọn kò lè kọ orúkọ ara wọn, sọ ohun tí ojú wọn rí nínú ikùn ọkọ̀. Pocock kò tíì kó kúrò ní Bristol nígbà yìí. Ní ọdún kejì, ní Plymouth, wọ́n tẹ àwòrán ọkọ̀ Brooks ti Liverpool jáde, èyí tí gbogbo ayé wá mọ̀. Ẹni tí ó yà á kò ya ìgbòkun, kò ya ìgbì. Ó ṣí òrùlé ọkọ̀ náà kúrò bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, ó sì fi àwọn ènìyàn hàn bí wọ́n ti tò wọ́n sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan orí. Ọkọ̀ tí òfin wá gbà láyè láti kó 454 ni, ó sì ti kó ju 600 lọ rí kí òfin tó dé. Kò sí ẹwà kan nínú àwòrán yìí. Ṣùgbọ́n òun ni ó kọ́kọ́ fi inú ọkọ̀ han àwọn tí wọ́n ti ń fi gbogbo ìgbà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tí àwọn ayàwòrán òkun tí ọwọ́ wọn dá ṣáká kò ṣe.

Síbẹ̀, n kò lè fọwọ́ rọ́ àwòrán Southwell sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Ní 1760, ojú kò tíì ti àwọn olówó Bristol. Nígbà tí ojú kò tì ènìyàn, kì í fi nǹkan pamọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin ogún ọdún náà ya òwò náà sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ nítorí pé ògo ọkọ̀ ni, bí a ti ń to ẹrù sí ẹsẹ̀ ìyàwó kí àlejò lè mọ̀ pé ilé ọlá ni ó ti wá. Lẹ́yìn tí ìtìjú dé, kò tún sí ẹni tí yóò sanwó fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti gbé e kọ́ sí pálọ̀. Nínú àwọn iṣẹ́ tí òkìkí Pocock dúró lé ní Lọ́ńdọ̀nù, ogun ni a rí, èbúté ni a rí, ìjì ni a rí. Ìṣẹ́tí ti já kúrò lára aṣọ. Ó wá jẹ́ pé iṣẹ́ tí kò ní ìtìjú nínú ni ó fi ẹ̀rí sílẹ̀ fún wa, èyí tí ó ní ọ̀wọ̀ ni ó pa ẹnu mọ́. N kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé náà, n kò sì mọ bí mo ṣe lè ṣe aláìdúpẹ́.

Ibí yìí ni àwọn aláriwísí ti máa ń mú Turner wá fi bá Pocock wí. Turner kì í ṣe atukọ̀. Nígbà tí ó ya ogun Trafalgar fún ọba George Kẹrin, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun rojọ́ pé okùn àti ìgbòkun rẹ̀ kò tọ̀nà. Òun náà ni ó ya ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n ti ń da àwọn òkú àti àwọn tí ń kú lọ sínú òkun, èyí tí ó fi hàn ní 1840, tí ó wà ní Boston ní Amẹ́ríkà báyìí. Ọ̀pọ̀ sọ pé ọ̀ràn ọkọ̀ Zong ní 1781, nígbà tí wọ́n ju ènìyàn tí ó ju 130 lọ sómi nítorí owó ìbánigbófò, ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni; òfúrufú rẹ̀ ń jó. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí iná náà fọ́ wa lójú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ti kọjá lẹ́yìn òfin 1807 kí Turner tó gbé e jáde. Kò sí oníbàárà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò bínú sí i mọ́. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà nínú omi rẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ kan pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ọwọ́ díẹ̀, ẹja. Òun náà, ìta ọkọ̀ ni ó dúró sí. Ó kàn kọjú sí ibòmíràn ni.

Pocock kú ní oṣù kẹta ọdún 1821. Ní ọdún yìí kan náà ni wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣoògùn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìrètí Aláyọ̀. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ náà, ọmọ náà bá ara rẹ̀ ní Sàró, ó sì di Samuel Àjàyí Crowther tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà kan tí ó fi ìtàn ara rẹ̀ sí. Nínú rẹ̀, ó sọ ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n gbé wọn sínú ọkọ̀ ogun náà. Wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, awọ rẹ̀ funfun, wọ́n sì rí àwọn ohun dúdú roboto tí wọ́n tò sílẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó so rọ̀, àti pé orí wọn ni ó wà nílẹ̀ yẹn. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn, tí wọ́n rí pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n fi ìṣọ́ra wo àwọn ohun roboto náà, wọ́n rí i pé irin ni, ọta àgbá.

Mo ti ka ibi yìí nígbà púpọ̀. Inú irú ọkọ̀ tí Pocock fi ọgbọ̀n ọdún yà ni ọmọ yìí wà, bóyá kò tilẹ̀ sí okùn kan lórí rẹ̀ tí Pocock kò ní mọ orúkọ rẹ̀. Àjàyí kò mọ orúkọ kankan. Ṣùgbọ́n òun ni ó wo ọkọ̀ láti inú, ohun tí ó sì rí ni orí ènìyàn. Àṣìṣe ni lóòótọ́. Ọta àgbá ni. Bí mo bá ní kí n yan ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí méjèèjì láti fi mọ ohun tí ọkọ̀ òkun jẹ́ ní ìgbà náà, n kò rò pé èyí tí okùn rẹ̀ pé ni n óò kọ́kọ́ nawọ́ mú.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún púpọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo ń kọ àròkọ yìí, mo mú ìwé tí àwòrán Southwell wà nínú rẹ̀ lọ bá a. N kò sọ ohunkóhun fún un nípa rẹ̀. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú fèrèsé, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé àwọn okùn láti orí òpó bọ̀ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Ẹni tí ó ya èyí ti fa okùn rí.”

Mo ní, “Bàbá, báwo ni ẹ ṣe mọ̀?”

“Kò sí èyí tí kò ní ibi tí ó so mọ́.” Ó tún wò ó. “Ọdún mélòó ni mo fi wà lórí omi. Inú ọkọ̀ ni mo gbé, n kò sì rí i rí, àfi ọjọ́ tí a bá gúnlẹ̀ tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mo bojú wẹ̀yìn. Ìgbà náà ni n óò tó sọ pé, háà, ṣé inú ohun tí ó tóbi báyìí ni mo ti ń bọ̀?”

Mo béèrè pé kí ni ó rò nípa àwọn ènìyàn tí ó wà nísàlẹ̀. Ó gbé ìwé náà kúrò lójú díẹ̀, ó wò mí láti orí gíláàsì rẹ̀.

Ó ní, “Ní sùúrù, ọmọ mi. N kò tíì dé ibẹ̀.”